Ọjọ́ Tí Apá Onílé Wa Bọ́ Sí Mi Lọ́wọ́

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí onílé wa àtijọ́ wá ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù tí mo ti ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní Ìsọlọ̀. Obìnrin yìí ló da ẹrù wa sínú òjò ní Mafoluku, tó ń pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ti bàjẹ́, nítorí ikọ́ lásán! Kò dá mi mọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà.

Mo so rọ́bà mọ́ ọn lápá, mo ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́.

“Ọwọ́ ẹ mà fúyẹ́ o! Ọmọ ta ni ẹ́?”

“Ọmọ Ìyá Bísí ni mí, mà. Ìyá Bísí oníkọ́.”

Ó fẹ́ fa apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

“Ẹ má mira, mà. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lápá yín.”

Nígbà tí mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, mo gbé ìgò tí mo fà á sí sókè. “Ẹ̀jẹ̀ tiyín náà nìyí. Ẹ jẹ́ ká wá mọ èyí tó bàjẹ́.”

Mo sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà.