Ọjọ́ Tí Àwa Olólùfẹ́ Kátúùnù Wọ Sùtánà

Mo rántí ìgbà tí ìjókòó kò bá mi lára mu rárá. Mo ti ṣe ìdánwò àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ń retí èsì, èsì kò sì dé. N kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, ní Òkìtìpupa, ní àwọn ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, tí àwọn olùkọ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yìí tí wọ́n ń padà lóṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá gbálẹ̀, màá pọnmi, màá fọ gbogbo abọ́ tó wà nílé, aago mẹ́jọ kò sì ní tíì lù. Ìyá mi a ní kí n sinmi, a ní ṣé yèrèpè ló kàn mí lára ni tí n kò fi lè fìdí lélẹ̀ bí ọmọ ènìyàn. Màá jókòó lóòótọ́, àmọ́ kí ó tó yí ojú padà, mo ti dìde.

Ohun kan ṣoṣo tó ń mú mi jókòó ni kátúùnù àwọn ará Japan. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa, ará Èkìtì kan tí kò níyàwó, ní àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, àbúrò náà ló kó káṣẹ́ẹ̀tì méje àti ẹ̀rọ fídíò tó lè gbà wọ́n wálé fún un. Ní ọ̀sán Sátidé, yàrá àlejò olùkọ́ kì í gba ẹsẹ̀. Àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìkọ̀yà, àwọn kan ń tẹ̀lé ọkọ̀ elépo wá láti Òde-Ayé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́rin kan wà láti Ìyànsàn tí kì í pa ọjọ́ kankan jẹ. Èdè Japan ni wọ́n ń sọ nínú káṣẹ́ẹ̀tì náà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ẹyọ kan, olùkọ́ pàápàá kò gbọ́. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí màá máa fi èdè Ìkálẹ̀ wa sọ ohun tí oníkálukú wọn ń wí. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ń wo ẹnu wọn, mo ń hun ìtàn, àwọn ènìyàn ń mi orí, èmi náà sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá mo gbọ́ Japan díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni ayàwòrán ẹgbẹ́ wa. Òun ló ń ya àwọn ènìyàn inú kátúùnù sórí páálí àti sẹ́yìn bébà sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú irun aláwọ̀ aró àti ojú tó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pa èkùrọ́ tà. Lójoojúmọ́ ni ọ̀rẹ́ mi ń bá a pa á, kò sì lè jáde nílé ní Sátidé bí kò bá tíì pa abọ́ kan tán. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé àkísà ni a máa ń ká bí òṣùká sórí òkúta, àárín rẹ̀ ni a ń fi èkùrọ́ sí, kí èèpo má baà ta síni lójú. Àkísà yìí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yá, nítorí pé bí ẹ bá ti pa mélòó kan, ẹ ó gbé e, ẹ ó gbọn èèpo kúrò, kí ẹ tó tún ká a padà.

Ní Sátidé kan, káṣẹ́ẹ̀tì tuntun dé. Mo lọ pe ọ̀rẹ́ mi, mo bá a nídìí òkúta, ìdajì abọ́ ló kù. Mo jókòó tì í, mo ń bá a ṣà á, ara mi ń jó bí ẹni tó jókòó sórí ààrò. Nígbà tó yá, mo na ọwọ́, mo yọ àkísà náà, mo jù ú sẹ́yìn. Mo ní ẹ jẹ́ ká pa á lásán kó yá. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé òkúta. Kò pa ju ogún lọ tí èèpo kan fi ta wọ ojú ọ̀tún rẹ̀.

Dókítà ní ilé ìwòsàn ìlú wa fọ ojú náà, ó dì í, ó sì sọ fún wa pé ọwọ́ òun kò tó o, Ìbàdàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, nítorí pé bí ó bá pẹ́, ojú kejì lè bá a lọ. Ìbàdàn ń fẹ́ owó ọkọ̀, owó iṣẹ́ abẹ, owó oògùn, ìyá rẹ̀ kò sì ní ju òkúta rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà tó wá kí wọn ń sọ pé ojú tó ti rí ibi tí kò fọ́, ire ló ń dúró rí. Inú bí mi sí òwe náà, nítorí pé ojú yìí ti ń fọ́ lọ. Ohun tó tún burú jù fún mi ni pé ìyá rẹ̀ gba ẹ̀bi náà fún ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún un pé àkísà ló gbó tó já. Ìyá bá ń sọ fún gbogbo àlejò pé òun ni òun fi àkísà gbígbó fún ọmọ, òun ni òun fi iṣẹ́ òun fọ́ ọ lójú, ó sì ń gbààwẹ̀. Mo ń gbọ́, mo ń bu omi fún àlejò, n kò sọ nǹkan kan.

Olùkọ́ ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní àbúrò òun kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ní ìlú òyìnbó, àwọn olólùfẹ́ irú kátúùnù yìí máa ń ṣe àpéjọ ńlá, wọ́n á wọ aṣọ bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀, wọ́n á ta àwòrán, wọ́n á sì kó ohun tí wọ́n bá rí fún aláìsàn tàbí ọmọ aláìlóbìí. Ó ní kí ló dé tí àwa náà kò lè ṣe é? Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo dá. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkọ̀yà, mo lọ sí Òde-Ayé, mo ránṣẹ́ sí Ìyànsàn. Olórí kátúùnù wa jẹ́ ọmọbìnrin jagunjagun kan tó ń wọ aṣọ pupa láti ọrùn dé ẹsẹ̀, mo sì pàṣẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé pupa ni kí wọ́n rán. Ìjọ Aládùúrà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń lọ gbà láti yá wa ní gbọ̀ngàn wọn àti jẹnẹrétọ̀. Ìyá Ìjọ, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, bi mí bóyá mo mọ òfin ilé náà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo ti ń sáré lọ síbòmíràn.

Òótọ́ ni mo mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé a kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀, a kì í sì wọ pupa. Mo mọ méjèèjì, mo sì tún ní kí èèyàn mọ́kàndínlógún rán pupa. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n dé pẹ̀lú bàtà páálí, pẹ̀lú idà tí a fi bébà dídán wé, gbogbo wọn pọ́n bí epo ojú agbada. Ìyá Ìjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ilẹ̀ kò lanu gbé mi mì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin Ìyànsàn bú sẹ́kún, àwọn ará ìlú ti ń rọ́ dé láti wo ohun tí à ń pè ní Japan.

Ìyá Ìjọ fọwọ́ kàn mí léjìká. "Mo bi ẹ́," ló wí, "o ò dúró gbọ́."

Ó wọ yàrá aṣọ lọ, ó kó sùtánà funfun jáde, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀ wọ́n lórí pupa wọn. Báyìí ni àwọn jagunjagun Japan ṣe wọlé láìwọ bàtà, nínú sùtánà, pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Àwọn bàbá tó wà níta rò pé ẹgbẹ́ akọrin tuntun ni, àwọn kan sì ń dìde fún wọn.

Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀rẹ́ mi jókòó níwájú pẹ̀lú ojú dídì, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin apèkùrọ́ ẹlẹgbẹ́ ìyá náà sì kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Olùkọ́ tan fídíò, èmi náà mú ọ̀pá tí mo fi ń tọ́ka sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Nítorí pé mo fẹ́ kí àánú ṣe wọ́n, mo yí ìtàn padà lọ́jọ́ náà. Mo ní ọmọbìnrin aláṣọ pupa yìí ní àbúrò kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, òun ló ń la òkè kọjá láti wá ewé tó máa là á. Àwọn obìnrin ń pòṣé, àwọn kan ń nu ojú. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ẹnu ihò tí ewé náà wà, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Epo tí a fa láti inú alùpùpù olùkọ́ ti tán, kò sì sí ibi tí a ti máa rí òmíràn ní gbogbo ìlú.

A jókòó bẹ́ẹ̀, ooru ń mú. Igbá ọrẹ tí a gbé síwájú kò tíì rí ju ẹyọ owó díẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan láti àárín àwọn apèkùrọ́ wá na ọwọ́ sí mi.

"Ọma mi," ló wí, "ta ló fọ́ ojú àbúrò ẹ̀?"

Mo ti ya ẹnu láti sọ pé àjẹ́ kan ni. Irọ́ náà ti wà ní ahọ́n mi, ó ti gbó dáadáa. Àmọ́ mo rí ìyá ọ̀rẹ́ mi tó dorí kodò, tó ń fi ìka lọ́ etí ìró rẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń dáhùn nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, mo sì ti rù ú títí ó ti rẹ̀ mí. Ní ilé yẹn, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí, ìkúnlẹ̀ ló máa ń wà. Mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni. Àkísà yẹn kò gbó. Èmi ni mo yọ ọ́, nítorí pé mo ń kánjú."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ìyá rẹ̀ kò gbé orí sókè, mo sì gbà pé ó máa dìde lọ. Ó dìde lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló yíjú sí.

"Ta ló ń pa èkùrọ́ níbí," ló bi wọ́n, "tí kì í yọ àkísà bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ? Gbogbo àghá la ń ṣe é." Ó wá kọjú sí mi. "Dìde ńlẹ̀, ọma mi. O bá tètè sọ, ǹ bá ti jẹun."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, òmíràn bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn obìnrin náà sì ń jáde ní méjìméjì. Mo rò pé wọ́n ti bínú lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà pẹ̀lú agolo epo pupa, apẹ̀rẹ̀ èkùrọ́, àti púpùrú gbígbẹ, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, nínú agbọ̀n. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n pè é. Ènìyàn wọn nílò ọwọ́, wọ́n sì mú ohun tó wà lọ́wọ́ wọn wá. Inú ń bí mi, nítorí pé owó ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, mo sì ń ronú pé ta ló máa fi púpùrú sanwó iṣẹ́ abẹ. Olùkọ́ ní kí n panu mọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ tà lọ́jà ní ọjọ́ kejì ọjọ́ Ìsinmi, awakọ̀ elépo kan sì gbé ìyá àti ọmọ lọ sí Ìbàdàn láìgba nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ mi bínú sí mi kó tó lọ. Ó ní òun ti parọ́ nítorí mi, mo sì sọ òun di òpùrọ́ lójú ìyá òun, lójú gbogbo ìjọ, lójú àwọn ará Ìyànsàn. N kò ronú kan ibẹ̀ rí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ibùdókọ̀ ni mo ń lọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń yẹ ojú gbogbo èrò tó bá sọ̀ wò. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró, ó yí gbogbo orí rẹ̀ sọ́tùn-ún kó tó rí mi. Wọn kò lè gba ojú ọ̀tún là, àmọ́ wọ́n gba ti òsì là. Ó na àpò rẹ̀ sí mi kí n bá a gbé e, a sì jọ rìn lọ sílé.

Lónìí, iṣẹ́ ọnà ni ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkìtìpupa níbẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ mi bá mi wá kátúùnù náà rí lórí fóònù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Mo gbé e lọ bá a. Kò sí àbúrò kankan nínú rẹ̀, kò sí ewé, ẹni tí mo ń pè ní ìkà sì ni bàbá ọmọbìnrin náà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tó kan ẹnu ihò yẹn, ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú, ọwọ́ mi ti lọ sórí fóònù láti sún un síwájú, kí n tètè rí òpin.

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Jẹ́ kó máa bọ̀," ló wí.

Mo kó ọwọ́ mi kúrò. Apá òsì rẹ̀ ni mo jókòó sí, bí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ ibùdókọ̀ yẹn, kí ó lè máa rí mi, a sì jọ dúró de ọmọbìnrin náà títí ó fi wọ inú ihò náà.