Irin Kì í Rẹ́rìn-ín

Ní Òkè Fìà láàárọ̀ yìí, rédíò ṣọ́ọ̀bù kan ń ka orúkọ àwọn eléré ìdárayá tó kú lọ́dún yìí. Orúkọ Àǹtí Sàláwà ni wọ́n kà kẹ́yìn, òórùn òrí sì gba imú mi.

Àbúrò bàbá mi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti kékeré, àmọ́ apá rẹ̀ dà bí ọmọ odó. Irin ló ń gbé fún Nàìjíríà ní Paralíńpíìkì, ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó fi òrí ra èjìká, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó ní kí n sùn lé ọwọ́ òun. Ó gbé mi sókè, ó gbé mi wálẹ̀, títí òógùn fi bò ó. Èmi ń rẹ́rìn-ín.

“Dákẹ́, kí o le. Irin kì í rẹ́rìn-ín.”

Nígbà tí a jẹun, ó fi ẹran àwo rẹ̀ sínú tèmi. “Jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kí o wúwo jù báyìí lọ.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fún un nírin tí yóò máa fi dánra wò.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, àwọn ọkùnrin tó gbé e ní kò wúwo rárá. Àwa obìnrin kì í tẹ̀lé òkú dé ibojì nílé wa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo le bí irin.