Bí Onímú àti Ìyàwó Rẹ̀ Ṣe Jẹun ní Etí Òkun

"Jẹ tìrẹ ná, mo ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Búrẹ́dì gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdágbére. Kò sí àdúrà nínú rẹ̀, kò sí ìkìlọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ti ń sọ lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó na ẹsẹ̀, ó ń retí kí búrẹ́dì jinná. Obìnrin náà wọlé lọ, ó jẹun, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó bu ti ọkọ rẹ̀, ó fi àwo dé e. Ìgbà tó máa padà síbi ààrò láti gba ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, búrẹ́dì ti ń jóná, ọkọ rẹ̀ sì wà lórí àpótí níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó ń sinmi. Èéfín yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún un. Búrẹ́dì kì í jóná níṣojú Onímú.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Onímú kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò lè sọ pé ó kéré. Àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, torí pé kì í ṣí ìlẹ̀kùn ààrò wo búrẹ́dì bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Á kàn dúró ni, á fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ó ku díẹ̀." Tó bá tún yá, á ní, "Ẹ kó o jáde." Bí wọ́n bá kó o jáde, bó ṣe yẹ kó pọ́n náà ló máa pọ́n. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ a máa sọ pé bí wọ́n bá di ọmọ yìí lójú, tí wọ́n tún dì í létí, iṣẹ́ á máa lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn bá mú un, kí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ.

Nígbà tó gbé obìnrin yìí níyàwó, wọ́n dá ilé búrẹ́dì tiwọn sílẹ̀. Yàrá méjì péré ni. Tábìlì gígùn tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun wà ní yàrá iwájú, àárín rẹ̀ ti jin kòtò níbi tí ọwọ́ obìnrin náà ti ń tẹ̀ ẹ́, àwọn páànù tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò sì tò sára ògiri. Ààrò oníbíríkì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọkọ ló ni iná, ìyàwó ló ni ìyẹ̀fun. Àwọn oníbàárà ò mọ orúkọ mìíràn tí ìyàwó ń jẹ́ ju Ìyá Búrẹ́dì lọ, kó tó bímọ rárá.

Lọ́sẹ̀ kìíní tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó ti abọ́ kan. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bu ẹran sẹ́nu ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ tuntun àti ìyàwó tuntun ti í ṣe. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbójú sókè, èéfín ti gba ilé kan. Gbogbo búrẹ́dì ọjọ́ náà di èédú. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà ládùúgbò: "Onímú, imú dà?" Òun náà a sì máa dá wọn lóhùn pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀ o jàre. Òórùn ìyàwó tuntun ló bo ti búrẹ́dì mọ́lẹ̀."

Ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú ti ọkùnrin náà dé egungun. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ṣòfin pé ààrò kì í dá wà. Bí ọ̀kan bá ń jẹun, èkejì á máa ṣọ́ iná. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, wọ́n tọ́ wọn dàgbà, kò sí èyí tó rí bàbá àti ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ lásìkò kan náà. Àbíkẹ́yìn wọn lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan, ó rí bàbá àti ìyá ọ̀rẹ́ náà tí wọ́n jọ ń jẹun, ó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin àti Dádì ń bára yín ṣọ̀tá ni?"

Ìyá Búrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn ń sọ sí i lọ́kàn bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ọdún kẹtàdínlógójì tí wọ́n fẹ́ra ni àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gba yàrá fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì ìgbafẹ́ kan létí òkun, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, oúnjẹ wà níbẹ̀. Onímú yarí. Ó ní ta ni yóò máa ṣọ́ ààrò?

Ọmọ náà ní, "Ẹ pa iná yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, Dádì. Ayé ò ní parẹ́."

"Ìwọ ò mọ̀. Ààrò tó bá tutù, ọjọ́ méjì ló fi ń bínú."

Ìyá Búrẹ́dì nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó bọ́ sáàárín wọn. Ó ní, "Baba wa, mi ò béèrè aṣọ lọ́wọ́ yín rí. Mi ò béèrè bàtà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí èmi àti ẹ̀yin jókòó, ká jọ jẹun lẹ́ẹ̀kan, kí n tó kú."

"Ìwọ kọ́ lo máa kú. Apá tó ń po ìyẹ̀fun báyìí, ikú á wò ó, á sá."

"Ṣé a ń lọ àbí a ò lọ?"

"Ṣé mo ní a ò lọ ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe dé etí òkun. Yàrá tí wọ́n fún wọn mọ́ débi pé etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, kí wọ́n má baà dọ̀tí rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n kó wá fún ọjọ́ náà, wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn ìjẹun. Ibẹ̀ ò ní ògiri lápá òkun, atẹ́gùn ń fẹ́ etí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Obìnrin kan tó de fìlà pẹlẹbẹ gbé ìwé oúnjẹ wá fún wọn. Ìyá Búrẹ́dì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó dá a padà.

"Ìyá mi, ẹnu yín ni kẹ́ ẹ fi kà á fún wa. Ìwé tèmi ò kọjá ara àpò ìyẹ̀fun."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kà á. Wọ́n ní ìrẹsì àti ẹja yíyan làwọn fẹ́. Kí ó tó dé, wọ́n kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì sínú agbọ̀n kékeré wá. Onímú mú ẹyọ kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Wọ́n kánjú. Kò tíì wú tán tí wọ́n fi gbé e wọná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́. Wọn ò ní ká wá dá wọn lẹ́jọ́."

Oúnjẹ dé. Onímú ki ṣíbí bọ ìrẹsì, ó ti bù ú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí i pé ìyàwó òun ò fọwọ́ kan tirẹ̀. Obìnrin náà ká ọwọ́ sórí ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Kí lò ń wò?"

"Mò ń wò ó ni."

"Kí lo wá ń wò?"

Ìyá Búrẹ́dì ronú. "Mi ò mọ̀."

"Ààrò kò sí níhìn-ín, ìyàwó."

Ló bá ki ọwọ́ mú ṣíbí. Bó ṣe gbé e báyìí, Onímú gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Máa jẹ ná."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọkọ, ìyàwó gbà á, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé tọkọtaya ọ̀dọ́ kan tó wà ní tábìlì kejì yíjú wò wọ́n. Àwọn tí ò lè jọ jẹun nítorí ààrò láti ọdún yìí wá, ààrò ò sí mọ́, wọn ò tún lè jọ jẹun!

Ìyá Búrẹ́dì nu omi ojú rẹ̀. "Ó yá, ẹ gbé ṣíbí. A máa jọ gbé e sẹ́nu ni. Mo máa kà á. Ení, èjì..."

Kò dé orí ẹ̀ta. Imú ọkùnrin náà ti lọ sókè.

"Búrẹ́dì kan ń jóná."

"Ẹ jókòó."

"Ti apá òsì ni. Kò lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ mọ́."

"Mo ní kẹ́ ẹ jókòó, Baba wa. Kì í ṣe tiwa."

Ó jókòó. Ká sọ tòótọ́, ó jókòó. Ó di ṣíbí mú gírígírí, àágùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀, kò jẹun, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké ní yàrá kejì tí wọ́n ní kó má dìde. Ìyá Búrẹ́dì wò ó. Ohun tí òun ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí ló wà níwájú òun yìí, lórí aṣọ funfun. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọkọ òun á jókòó síbẹ̀ títí oúnjẹ á fi tán, torí òun. Ó tún mọ̀ pé kò ní mọ adùn ohun tó ń jẹ.

"Ẹ lọ," ló wí. "Ẹ má sáré o, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀."

Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ó ti lọ.

Ó dá jẹ oúnjẹ tirẹ̀. Ó dùn. Òkun ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń bínú díẹ̀, àmọ́ adùn ẹja náà ò jẹ́ kínú náà le. Nígbà tó jẹ tán, ó fi àwo rẹ̀ dé ti ọkọ rẹ̀ lórí. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ sáré dé, ó ń fi ìka nu omi ẹ̀rín lójú.

"Ìyá, ọkọ yín ti gba ilé ìdáná lọ́wọ́ wa o! Ó kàn yọ sẹ́nu ọ̀nà ni, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní, 'Ẹ ṣí ti òsì.' Ìgbà tá a máa ṣí i, búrẹ́dì tá a fẹ́ fún àwọn àlejò láàárọ̀ ọ̀la ti ń jóná. Ká ní ó pẹ́ sí i, gbogbo ẹ̀ ló lọ."

"Ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀?"

"Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kóun fi bí wọ́n ṣe ń pò ó hàn wọ́n."

Ìgbà tó dé, ìyẹ̀fun ti kún apá aṣọ òde rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé Ìyá Búrẹ́dì ò rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó jókòó, ó ṣí oúnjẹ rẹ̀ tó ti tutù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Níbẹ̀ ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí obìnrin náà ò retí. Kò sí iná tó máa lọ ṣọ́. Kò sí ibi tó ń lọ. Ló bá jókòó, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ọdún mẹ́tàdínlógójì, kò tíì wò ó rí! Kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu ló fi ń rún oúnjẹ. Kò mọ̀ pé ó máa ń di ojú tó bá kan ẹja, tàbí pé ó máa ń to egungun sí etí àwo lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń to páànù. Ó mọ àágùn ọkùnrin yìí, ó mọ ìhanrun rẹ̀, ó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń dùn ún lójò, kò mọ bó ṣe ń jẹun.

"Kí lò ń wò?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ló ṣe mí?"

"Ẹ máa jẹun yín."

Ọkùnrin náà jẹ ẹ́ tán. Ó wá ní, "Má bínú. Lọ́la a máa jọ jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn alásè ti ń dúró dè é. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bẹ ìyàwó náà pẹ̀lú, wọ́n fún obìnrin náà ní épírọ́ọ̀nù, òun náà po ìyẹ̀fun níbẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́ fi lọ, orí ìdúró ni tọkọtaya náà ti jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ẹlòmíràn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọjọ́ kẹta, mọ́tò ti ń dúró. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, obìnrin kan báyìí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi ìwé kan lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n, oúnjẹ alẹ́ fún ẹni méjì, ọ̀fẹ́ ni.

"A ò ní pẹ́ padà," ni Onímú wí.

Wọ́n délé, bíríkì ìta ààrò ti là, wọ́n ní káwọn tún un ṣe ná. Ilé ẹ̀kọ́ wọlé, búrẹ́dì ń tà bí ẹni pé wọ́n ń fi tọrẹ, wọ́n ní kó rọlẹ̀ díẹ̀. Àkọ́bí bímọ. Òjò ọdún kejì dé, ẹsẹ̀ baba bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. "Tí ilẹ̀ bá ti gbẹ," ni Onímú ń wí. Ilẹ̀ gbẹ. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni àárọ̀ ọjọ́ náà dé.

Ìyá Búrẹ́dì ṣì ń ṣe búrẹ́dì. Aago ló ń lò báyìí, ọmọkùnrin rẹ̀ ló rà á fún un. Bó bá dún, á ṣílẹ̀kùn ààrò. Àwọn oníbàárà ń rà, wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé kò rí bó ṣe máa ń rí. Ìgbà tó bá wù ú ló ń jẹun. Kò sí ẹni tó ń retí kó jẹ tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ nọ́ọ̀sì ní kó jẹ́ káwọn méjèèjì mú ìwé náà, káwọn lọ sí etí òkun. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sáà jẹ́ ká lọ jẹ ẹ́."

Ìyá Búrẹ́dì ní, "Ọmọ mi, o ṣé."

Kò lọ. Kò ya ìwé náà, kò fún ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú àpótí aṣọ, lábẹ́ aṣọ òde ọkọ rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ fún ẹni méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò jẹ ẹ́.