Páswọ́ọ̀dù tí mo fi ìlara dì mú

Ọdún keje rèé tí mo ti ń parọ́ ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àgùdà.

Mo ní nítorí ààbò ni èmi nìkan ṣe mọ páswọ́ọ̀dù tí a fi ń fi áàpù tuntun sórí kọ̀ǹpútà. Ìlara ni. Rónkẹ́, akọ̀wé wa, mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jù mí lọ, gbogbo ìjọ ló sì ń yìn ín.

Ojú òpó àwọn tó ṣe áàpù gan-an ni Rónkẹ́ ti máa ń gbà á, kó tó pè mí wá tẹ páswọ́ọ̀dù. Èmi, èyí tí mo bá kọ́kọ́ rí ni mo máa ń tẹ̀.

Lónìí, mo ń wá èyí tí màá fi tún fọ́tò olóògbé kan ṣe. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ìpolówó bo gbogbo kọ̀ǹpútà. Ìwé ètò ìsìnkú kọ̀, kò ṣí mọ́. Ọmọ olóògbé sì jókòó tì wá, ó ń dúró dè é.

Rónkẹ́, tó ń pè mí ní Dádì bíi gbogbo ìjọ, yọjú wò ó. "Dádì, níbo lẹ ti rí eléyìí?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ibẹ̀ náà làwọn olè ń gbé, sà. Ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù yín, kí n yọ ọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo fọwọ́ bò ó kó má baà rí i.

Nígbà tó tún un ṣe tán, ọmọ olóògbé ní, "Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀yin lẹ gbé ọ́fíìsì yìí ró."

Pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi, ìlara tún mú mi.

Rónkẹ́ ní, "Dádì ló ń tọ́jú ẹ̀. Mo kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

Ojú tì mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi wí nísàlẹ̀ yìí, mo gbà. Mo ti kọ páswọ́ọ̀dù náà sínú bébà fún Rónkẹ́. Mo ní kó yí i padà, kó má sì sọ tuntun fún mi.