Àwo Méje Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Àbúrò mi obìnrin, tí a ń pè ní Akàwé-má-sùn, ló máa ń ka ìwé ìtàn sínú àwo sídì fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ló fi ń dà á kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú u. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ adàwokọ, tó ń da àwo púpọ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan náà, dé, orí tábìlì ìjẹun ló gbé e kà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó! Kò tiẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà!"

Ó ki àwo tó ti kàwé sí bọ ojú ihò òkè ẹ̀rọ náà, ó ki àwo òfìfo méje bọ àwọn ojú ihò ìsàlẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, gbogbo ojú ẹ̀rọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, gbàgà! Akàwé jó yí tábìlì po, ó sì fi àwo méjèèje ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àṣé ìkánjú ti jẹ́ kó mú àwo tí kò tíì yọ ariwo ilé kúrò nínú rẹ̀! Nígbà tó padà gbọ́ àwo tó fi da àwọn yòókù kọ, láàárín ìtàn gan-an ni ohùn ọkọ rẹ̀ ti jáde: "Ìyàwó, ibo niyọ̀ wà?" Akàwé sì jágbe mọ́ ọn: "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé ẹ ò rí i pé mò ń kàwé ni?"

Ó ṣì káwọ́ lérí nígbà tí fóònù dún. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba àwo ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Akàwé ń wí.

Ẹ̀rín ni ìyẹn ń rín. "Ìtàn yẹn dùn, mà. Àmọ́ gbogbo wa fẹ́ mọ̀: ṣé bàbá padà rí iyọ̀?"