Òjìjí fún Orúnkún Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ó ṣì ń dùn mí.

Orúnkún ọ̀tún ìyá mi ló bàjẹ́. Ọdún gbọọrọ ló fi ń kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń ta ẹja gbígbẹ láti abúlé dé abúlé. Nígbà tó yá, kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ ilé wa mọ́, ilé orí òpó tí omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, àfi bí mo bá pọ̀n ọ́n.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbókòdá. Dókítà kan tó wá láti òkè lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ orúnkún náà. Ó ní eegun rírọ̀ tó dà bíi tìmùtìmù láàárín oríkèé ló ti jẹ tán; iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ tí ẹ̀rọ yẹn ń rán wọlé lè jí i kó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Kò ṣèlérí o. Ó ní wọ́n ṣì ń dán an wò ni.

"Dókítà, ṣé o ti tàn án?" ni ìyá mi bi í.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, Màmá."

"Iṣẹ́ wo? Òjìjí tó kéré jù lódò wa ì bá ti gbọ̀n mí dé eyín!"

Òjìjí lẹja tí iná ara rẹ̀ máa ń gbọn ọwọ́ apẹja jìgìjìgì. Àwọn àgbà wa a máa fi ẹsẹ̀ tó bá ń ro wọ́n kàn án.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Màmá, agbára kọ́ là ń wá. Sùúrù ni."

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin tá a lọ, ìyá mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi àkàsọ̀ méjì. Ó ní kí n má fọwọ́ kan òun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa àtàwọn tí a jọ ń dẹ àwọ̀n lójú omi kan náà. Ọ̀nà Igbókòdá dí.

"Bá mi wá òjìjí, ọkọ mi," ni ìyá mi wí. "Òun àti ẹ̀rọ dókítà, ọ̀kan náà ni wọ́n."

Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n igi àkàsọ̀ méjì yẹn ń bẹ lójú mi. Mo lọ.

Nínú ìgèrè kẹta tí mo fi ń dẹ ẹja ni mo ti bá a. Mo sọ ọ́ sínú korobá omi, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo gbójú sókè, èéfín ti bo abúlé wa.

Òpó ilé wa nìkan ni mo bá; iná ti jó ìyókù. Òjìjí ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú korobá.

Àwọn aládùúgbò tó rí ọkọ̀ wọ̀ sá lọ sọ fún mi pé àwọn fẹ́ yà gbé ìyá mi. Ẹnu àkàsọ̀ ló wà. Ó ní kí wọ́n máa lọ, pé ọmọ òun ń bọ̀ wá pọn òun.