Oríkì Tí Mo Kà Ní Kíláàsì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní Èrúwà, ìkìlọ̀ kan ni bàbá mi ń ṣe fún wa láràárọ̀: a ò gbọdọ̀ sọ ìlú tí a ti wá. Ìjà àwọn olóṣèlú ló lé wa. Wọ́n ti sun ilé wa, a sì gbà pé wọ́n ṣì ń wá bàbá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi mí níbi tí ìlú náà wà.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa ní kí kálukú kọ oríkì ìdílé rẹ̀ sínú ìwé, kí ó wá kà á sókè lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá gbọ́ tiwa yóò mọ̀ wá. Mo bá da ti ọmọ ilé kejì kọ, mo fi ẹ̀pà mi bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó kàn mí, mo ka ìlà méjì. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ wo ni èmi àti ọmọ ilé kejì di ọmọ ìyá. Ojú tì mí, mo gbójú kúrò nínú ìwé, àfi bí ẹnu mi ṣe bọ́ sórí oríkì tiwa gan-an, èyí tí ìyá mi fi ń jí mi:

"Ọmọ olódò tí kì í fomi du àlejò."

Mo yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá àgbà tó ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé wa gbórí sókè.

"Àlejò mu tán, ó tún pọn relé," ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Mo sáré lọ sílé. Bàbá mi gbọ́, kò nà mí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ẹrù kejì ló ń dì lọ́wọ́ tí ìyá náà wọlé, igbá ọ̀lẹ̀lẹ̀ lórí.

"Bàbá ọmọ, ẹ tú ẹrù yín. Ìlú yín ni wọ́n ti bí èmi náà, ọkọ ló gbé mi wá síbí. Látọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ẹnì kan ò kì mí mọ́. Ṣé ẹni tó lè kì mí ni n ó fà lé ọ̀tá lọ́wọ́?"

Bàbá mi jókòó sórí ẹrù náà. Nígbà tó yá, ó ní kí n kì ìyá náà. Mo kì wọ́n títí dé òpin. Ibi tí mo bá ti gbàgbé, wọ́n á tọ́ mi sọ́nà, wọ́n á tún máa fi etí aṣọ nu ojú. A ò kó lọ mọ́.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin ń gbé orúkọ àti ìlú yín sórí fóònù, kò sì sẹ́ni tó ń lé yín. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ìlà àkọ́kọ́ oríkì wa fún yín, mo máa ń dúró díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún yín, àfi orúkọ ìlú náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá mi lóhùn ni n ó sọ ọ́ fún, lẹ́yìn tí mo bá ti wo ẹnu ọ̀nà.